Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbálẹ̀ tó sì ń nulẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọba-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, ni mò ń gbé. Táìlì ló wà nílẹ̀ ilé mi, àyàfi pálọ̀ tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Oríṣi rọ́bọ́ọ̀tì méjì ni mi ò lè yàn nínú wọn: èyí tó kàn ń wọ́ aṣọ tútù kiri, àti èyí tí aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń yí bìrìbìrì, tó sì ń gbé wọn sókè bó bá dé orí kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó wọ́n jù. Lásìkò ọyẹ́, eruku pupa ẹnu ọ̀nà wa a máa di ẹrẹ̀ bí omi bá ti kàn án. Ṣé aṣọ wíwọ́ yẹn lè kó o, àbí yóò kàn fi kun ilẹ̀ ni? Bí iná bá sì lọ lẹ́nu iṣẹ́, ǹjẹ́ yóò rí ibi tó ti ń gba iná padà?