Ẹsẹ̀ tí kì í ṣe tọmọ wa

Mo ti ka ìtàn àwọn tó ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń retí ìròyìn ẹni wọn tó wà lójú ogun; ẹ kú oríire, ẹ kú àfaradà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wọṣẹ́ ṣójà, tí gbogbo àwa yòókù wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Fòlááṣì ni ẹ̀gbọ́n mi fi máa ń kí Màámi. Ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́ túmọ̀ sí pé ara òun le. Ẹ̀ẹ̀kan, kí a fi káàdì ránṣẹ́. A ò gbọdọ̀ gbé e. Bí wọ́n bá ń rìn láti abúlé dé abúlé ní Borno lọ́hùn-ún, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ò ní gbọ́ nǹkan kan. Màámi á ti Nokia kékeré rẹ̀ bọ inú igbá èlùbọ́ tó ń tà ní Ọjà Jagun, kó má baà dún kó má gbọ́. Gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ funfun fún èlùbọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde òfin ìlú-ò-fararọ ní Borno, Yobe àti Adamawa. Kò pẹ́ sígbà náà tí fóònù dákẹ́ lọ́hùn-ún. Èmi ni mo máa ń bá Màámi tẹ nọ́ńbà náà. Obìnrin inú fóònù á sọ̀rọ̀, Màámi á ní kí n tún un tẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò jẹun alẹ́ mọ́. Àwọn ará ọjà ń bi í pé, "Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ìyá ṣójà bẹ́ẹ̀ láé.

A ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹni tí wọ́n bá fún ní páàsì, ìyẹn àyè láti lọ sílé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kọ nọ́ńbà ilé wọn àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán sórí ìwé fún un. Tó bá ti ré kọjá Borno àti Yobe, tó wọ Bauchi, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ, á jókòó ní gáréèjì, á máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Owó káàdì tirẹ̀ ni. (Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́ni lójú ogun, ẹ kọ nọ́ńbà yín síwèé fún un. Bí bátìrì bá kú, èyí tó wà nínú fóònù ti bá a lọ nìyẹn.)

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nọ́ńbà àjèjì wọlé. Ọkùnrin kan ni, Yorùbá rẹ̀ jọ ti Èkìtì.

"Ẹ kú ilé, mà. Ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti jiná, òun ti ń rìn dáadáa. Ó ní kí ẹ má ta ilẹ̀ yẹn."

Ẹsẹ̀ ti jiná? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é léṣe? Mo bú sẹ́kún. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò fọhùn. Nígbà tó yá, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, Olúwa á mú ẹ délé o. Ṣùgbọ́n a ò nílẹ̀ kankan tí a fẹ́ tà. Jọ̀ọ́, tún ìwé yẹn wò."

À ń gbọ́ bí ìwé ṣe ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: òjò ti pa ìwé náà, òun ka ti ẹlòmíràn mọ́ nọ́ńbà wa. Tiwa kò ju ìlà kan lọ: "Mo wà. Kí Màámi jẹun."

Ẹ wo ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀!

Mo rò pé ó ti parí. Màámi ní, "Ìyá tó lẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ti pè é?" Ó ní òun ò tíì pè é, káàdì òun ń tán lọ, mọ́tò sì ti fẹ́ gbéra. Màámi ní kó pe nọ́ńbà náà sétí wa. Kò sí bírò nítòsí. Èédú ni mo fi kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Ọ̀yọ́ ló já sí, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Àṣé wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́, kí fóònù tó dákẹ́. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà láti fi tọ́jú rẹ̀, lọ́jọ́ Ajé ni olówó fẹ́ wá sanwó. Nígbà tí Màámi jíṣẹ́ fún un, igbe tí obìnrin náà ké, mo gbọ́ ọ láti ìta.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan nínú àwọn méjèèjì á pe èkejì. Màámi tilẹ̀ lọ kí i, pẹ̀lú bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ṣe burú nígbà náà. Èlùbọ́ ló gbé lọ. Igbá fínfín ni Ìyá Ọ̀yọ́ fi ta á lọ́rẹ, òun ló sì fi ń wọn èlùbọ́ títí dòní.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà, tó ti ń lọ sí ìparí ọdún náà, fóònù dún ní ìdájí. Kì í ṣe fòlááṣì, ó ń dún lọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, Màámi. Ṣé ẹ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

Wọn ò tíì lo ìṣẹ́jú méjì. "Ó dáa, pa á ná, ọmọ mi," ni Màámi wí. "Jẹ́ kí n pe Ìyá Ọ̀yọ́ pé fóònù ti ń lọ, kó má fi tirẹ̀ sílẹ̀ jáde."