Tom House: apá tí kò yára, tó wá di olùkọ́ apá

Àjàní Atlanta: Ẹ kú ilé o. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Tom House, ajubọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ Hank Aaron, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Braves ti Atlanta, ló ń kàn: 8 oṣù kẹrin 1974, home run 715 (gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá), àkọsílẹ̀ tuntun. Bọ́ọ̀lù já sí ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù Braves ti ń dúró de ìpè, House hán an, ó sáré gbé e lọ fún Aaron. Ó dáa. Kí ló wá fi kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́yìn tó fi pápá sílẹ̀? Ẹ tú u palẹ̀ fún wa.

Alósì: Ọdún yẹn náà ni ERA House (ìwọ̀n àmì tí wọ́n ń gbà lára ajubọ́ọ̀lù ní eré kan; bó bá ṣe kéré ló ṣe dáa) jẹ́ 1.93. Alósì ni òun náà; ẹ má fojú di alósì.

Bọ̀dé Dallas: Ọdún kan nìyẹn. 1971 sí 1978 ni gbogbo eré rẹ̀, ní ẹgbẹ́ mẹ́ta: Braves, Red Sox, Mariners, ó tán. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò yára, ọgbọ́n ló fi ń jẹun. Ó padà gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá, ó sì kọ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Texas Rangers láti 1985 sí 1992. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni pé ó ń ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó méjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: bí ìgbọ̀nwọ́ bá rọ̀ sísàlẹ̀ tàbí tí ọrùn ọwọ́ bá yí lódì, bọ́ọ̀lù yẹn á máa gbọ̀n lófuurufú. Bí apá bá rìn dáadáa, á máa yí geere. Kò sí pé kóòṣì ń pariwo.

Ìyá Ṣadé: Ẹ gbà mí o! Áńúnsì 14 sí 15 ni bọ́ọ̀lù ṣóńṣó, ti béèsìbọ́ọ̀lù ò ju 5 àti díẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 10 ni yóò máa ju ìyẹn?

Bọ̀dé Dallas: Rárá, ìyá. Èyí tí wọ́n ń pè ní junior wà fún ọmọ ọdún 9 sí 12. Jẹ́jẹ́ náà ni kó máa jù ú, ní ibi tó sún mọ́ra. Ẹni tó bá fi agbára jù ú ló ń wá ẹjọ́.

Alósì: Nolan Ryan, ajubọ́ọ̀lù Rangers, ju bọ́ọ̀lù ṣóńṣó náà, ó sì ju no-hitter (eré tí ẹgbẹ́ kejì kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá dé béèsì kankan) keje ní 1991, ẹni ọdún 44. Ó parí.

Tíṣà Ọ̀tun: Kò tíì parí. Ryan ti ní márùn-ún kó tó dé Texas.

Àjàní Atlanta: Ryan fúnra rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ House lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni béèsìbọ́ọ̀lù, ní 1999. Ṣé Tíṣà mọ̀ ju Ryan lọ ni?

Tíṣà Ọ̀tun: 😂 Mo fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tí House fi ń kọ́ ìjù ló yẹ ká sọ. Fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín di etí táwẹ́ẹ̀lì mú, ṣe bí ẹni fẹ́ jù, kí ẹnì kejì na ìbọ̀wọ́ síwájú, kí etí táwẹ́ẹ̀lì gbá a. Bí orí bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí èjìká bá yí kí ẹsẹ̀ iwájú tó balẹ̀, kò ní kàn án.

Kọ́lá: Mi ò gbà. Táwẹ́ẹ̀lì kò wúwo, kò sì sí ohun tí ọwọ́ ń jù sílẹ̀. Ìrìn mìíràn ni apá ń kọ́.

Bọ̀dé Dallas: Ara ni iṣẹ́ yẹn ń kọ́, Kọ́lá, kì í ṣe apá. Ọ̀rọ̀ House ni pé ìwọ̀n tí ẹran ẹ̀yìn èjìká bá lè dá apá dúró ni apá lè sáré mọ. Ọ̀pọ̀ ń gbé irin fún àyà, wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀yìn, èjìká á wá já.

Ìyá Ṣadé: Iye ìjù ló ń ba apá ọmọ jẹ́ jù. Pitch Smart, ìlànà iye ìjù fún àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ní 75 lójúmọ́ fún ọdún 9 sí 10, 85 fún 11 sí 12. Bó bá ju 66 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsinmi ọjọ́ 4. Ẹ wá wo ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ méjì: kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń ka tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ro ó pọ̀.

Kọ́lá: Ìyẹn ni kókó!!

Gbénró: Oògùn ńkọ́? 2005 ni House fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lo steroid, oògùn agbára, nígbà tó ń ṣeré.

Alósì: Ó jẹ́wọ́. Ó sanra, bọ́ọ̀lù kò yára sí i. Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe?

Kọ́lá: Tíṣà, ìbọ̀wọ́ yẹn, báwo ló ṣe máa jìn tó?

Tíṣà Ọ̀tun: Kó kọ́kọ́ ṣe é lófìfo, ẹ sàmì síbi tí ẹsẹ̀ iwájú balẹ̀, kó ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ márùn-ún látibẹ̀, gìgísẹ̀ mọ́ ọmọ-ìka. Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ wà.