“Ọpọlọ funfun” kò lè bá wa délé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ka àbá tí ẹ mú wá fún àwọn tó ń kọ ìwé ìlera: kí á máa pe apá inú ọpọlọ tó funfun ní “ọpọlọ funfun”, kí á pe àyípadà tó máa ń bá a lọ́jọ́ alẹ́ ní “àpá funfun”, kí á sì pe àìsàn ìgbàgbé tó lè ti ibẹ̀ yọ ní “àrùn ogbó”. Ẹ má bínú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ takò.

Ẹni tó bá ti la orí ewúrẹ́ rí, tó fi ọ̀bẹ gé ọpọlọ rẹ̀ sí méjì, ti rí ohun tí à ń wí. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, inú rẹ̀ funfun bí ọ̀rá. Ọ̀rá ló sì fún un láwọ̀ lóòótọ́. Àwọn okùn tín-ín-rín ló dì pọ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń jíṣẹ́ láti apá kan ọpọlọ dé òmíràn. Ọ̀rá wé mọ́ wọn bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná. Ṣé àwọ̀ rọ́bà ni a ó wá fi pe wáyà? Amóhùnmáwòrán ni àwọn tó ṣáájú wa pe tẹlifíṣọ̀n, wọn ò pè é ní àpótí dúdú. “Okùn ọpọlọ” ni tèmi.

Ẹnìkan ti dá “iṣan ọpọlọ” lábàá. Ẹrù ti pọ̀ jù lórí iṣan: iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹsẹ̀, iṣan ọrùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bàjẹ́ ló sì sábà máa ń ba àwọn okùn yìí jẹ́. Bí a bá kọ ọ́ pé “iṣan kò gbé ẹ̀jẹ̀ dé iṣan mọ́”, ta ni yóò yé?

“Àpá funfun” ló bí mi nínú jù. Nígbà tí wọ́n ya orí ìyá wa, dókítà nawọ́ sí àwọn ibi tó ń tàn yòò nínú àwòrán MRI, èyí tí wọ́n ń fi agbára òòfà yà. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó ní, “Ibi tó funfun yẹn ló ṣì dáa, àbí?” Ó ti gbọ́ pé funfun ló yẹ kí ibẹ̀ jẹ́. Òdìkejì ni. Nínú irú àwòrán yẹn, okùn tó dáa máa ń ṣe bàìbàì, ibi tó ti bàjẹ́ ló ń funfun. Ẹ wá gbé orí kan náà sábẹ́ ẹ̀rọ CT, èyí tó ń fi ìtànṣán X-ray ya inú orí, ibi tó bàjẹ́ á tún dúdú. Àwọ̀ wo ni ká wá mú nínú wọn?

Lọ́dún 1987, Vladimir Hachinski, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi èdè Gíríìkì hun orúkọ kan fún àyípadà yìí, leuko-araiosis. Ìdajì àkọ́kọ́ ni “funfun”, ìyẹn ò kàn mí. Ìdajì kejì ni mo fẹ́: ohun tí híhun rẹ̀ ti tú, tó ti fẹ́lẹ́. Aṣọ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, kò tíì ya, ṣùgbọ́n bí o bá nà án síta oòrùn, o ó rí òdìkejì. “Ìfẹ́lẹ́ okùn ọpọlọ”. Bí ti ìyá wa ṣe rí gan-an nìyẹn. Kò tíì gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wọ́ nílẹ̀, bí o bá sì bi í léèrè, èsì á pẹ́ kó tó jáde.

Ó ku “àrùn ogbó”. Ogbó tí à ń fi ṣàdúrà fún ọmọ! Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ní ibi tó fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ, tí làákàyè wọn sì pé. Lọ́dún 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè, Yorùbá ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Èsì tó jáde lọ́dún 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, 1.35 ni àìsàn náà ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ọjọ́ orí kan náà, iye ọ̀tọ̀. Ẹ má sì sọ pé ká lo “ṣíṣarán”, èébú ni. Àwọn ará Japan pàápàá pa orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn yìí tì lọ́dún 2004 torí pé ìtumọ̀ òmùgọ̀ wà nínú rẹ̀.

“Iyè rírá” ni mo fara mọ́ fún àìsàn ìgbàgbé yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní “iyè rírà” ni àwọn ń gbọ́ nílé. Rà ni ti ẹran tó bàjẹ́, mi ò fẹ́ ẹ lórí ènìyàn. Rá ni ti ohun tó rá mọ́ni lójú: ó wà níbẹ̀ lánàá, a ò rí i mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lóhùn mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́, kó sì fi àmì ohùn sí i.