Ẹ̀yin tó ti gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Commonwealth rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bèèrè fún ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Commonwealth láti lọ ṣe PhD ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi tó ń ro jáde nínú àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin fún gàrí ni mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Ibi tí omi yẹn ń gbà kọjá lẹ́yìn ilé wa, koríko kì í hù níbẹ̀. Sáyánáìdì, májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́, ni.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: èsì ìwé ẹni, bí àbá ìwádìí ṣe dára tó, àti àǹfààní tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún ìlú ẹni. Ẹ̀kẹta yìí ló ń kó ọkàn mi sókè. Ṣé kí n ní gbogbo Nàìjíríà ni màá tún ṣe ni, àbí kí n dúró sórí àwọn ìyá tó ń yan gàrí ládùúgbò wa? Lọ́dún tó kọjá, "gbogbo Áfíríkà" ni mo kọ sí fọ́ọ̀mù ètò mìíràn. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi lé mi dànù.

Second class upper ni mo ní, mo sì ti ṣe másítà. Ṣé àwọn first class ò ní kó o tán kó tó kàn mí?

Lẹ́tà olùkọ́ tó máa bójú tó mi ńkọ́? Ìmeèlì mọ́kànlá ni mo fi ránṣẹ́, ẹnì kan ló fèsì: ó ní kí n gé àbá mi kù sí ojú ìwé méjì. Ṣé ó ti gbà nìyẹn, àbí ó kàn ń fi ọgbọ́n lé mi ni?