Ẹja grayling nígbà òtútù: ṣé a lè mú un wálé sè?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú òtútù o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti London wá sí Yorkshire ni. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní ẹja kan wà nínú odò Wharfe tó ń jẹ́ grayling, pé ìgbà òtútù gan-an ni wọ́n ń pa á. Ṣé òfin gbà ká mú un wálé? Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ bá mi lọ.

Èsì: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kẹta ló dáa jù, torí ọ̀pọ̀ odò ni òfin ti dá pípa ẹja trout dúró nígbà náà. Ẹ kọ́kọ́ gba láíṣẹ́ǹsì ẹja pípa ti trout àti coarse (ìyẹn àwọn ẹja odò tí kì í ṣe trout tàbí salmon) lórí ìkànnì ìjọba. Ìbátan salmon ni grayling lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ san owó láíṣẹ́ǹsì salmon, ó wọ́n jù. Ọmọ yín náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 13 sí 16. Owó ìtanràn ẹni tí kò bá ní in lè tó £2,500.

Láíṣẹ́ǹsì nìkan ò tó o. Etí odò níbí ní onílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn apẹja ló sì sábà máa ń gbà á lò. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì ka òfin wọn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú grayling lọ rárá. Níbi tí wọ́n bá ti gbà, méjì péré ni lójúmọ́ nínú odò England, èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 38. Ẹ mú rúlà dání. Èyí tó bá kéré jù tàbí tó tóbi jù, ẹ dá a padà.

Ìdin tàbí ekòló pupa ni kẹ́ ẹ fi sórí ìwọ̀ kékeré, torí ẹnu rẹ̀ ò tóbi. Ìsàlẹ̀ ló ti sábà ń jẹun, ẹ jẹ́ kí omi máa gbé oúnjẹ náà lọ nítòsí òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbòòrò bí abẹ̀bẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀. Wọ́n ń kó ara wọn jọ nígbà òtútù, nítorí náà bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dúró síbẹ̀.

Èsì: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ dídá a padà ló ká mi lára. Ó máa ń rẹ ẹja yìí gan-an lẹ́yìn ìjàkadì. Ẹ fi omi tutù rin ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ wá gbé e sínú àwọ̀n nínú omi, kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, títí yóò fi lúwẹ̀ẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má jù ú o! Láti 15 oṣù kẹta sí 15 oṣù kẹfà, ẹ má dẹ ìwọ̀ sódò nítorí rẹ̀ rárá. Ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ló ń yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́, ẹni tó bá ń fi bàtà rìn níbẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pa.

Èsì: Àwa tá a wà ní Scotland, yàtọ̀ sí odò Border Esk, a ò nílò láíṣẹ́ǹsì, àṣẹ onílẹ̀ nìkan. Grayling wà nínú odò Tweed, Tay àti Clyde.

Ní ti sísè, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ha ìpẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì tètè ń fọ́. Ẹ jẹ́ kí ata àti èròjà pẹpẹsúùpù hó tán kẹ́ ẹ tó jù ú sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.