Orin inú fíìmù kìnnìún ìgbà èwe wa: kí ló dé tí kò kúrò lọ́kàn wa?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì, Tankẹ, Ìlọrin

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Orin inú The Lion King, fíìmù kàtúùnù tí ó jáde ní 1994, ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ilé kan ṣoṣo ló ní fídíò nínú agboolé wa nígbà náà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọmọdé máa ń rọ́ lọ bí a bá ti dé láti ilé kéwú. Téèpù náà ti gbó débi pé ìlà funfun kan máa ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, ohùn ẹni tó kọ́kọ́ ké a sì máa wọ́ tuuru, títí ẹ̀gbọ́n tó ni fídíò yóò fi yọ kásẹ́ẹ̀tì, tí yóò fi báírò yí i kí téèpù inú rẹ̀ lè le. Síbẹ̀, bí ohùn náà bá ti ké, gbogbo wa la ó gbè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó gbọ́ èdè náà nínú wa.

Láìpẹ́ yìí ni mo ṣí àwọn orin náà lórí fóònù fún àwọn ọmọ mi. Orin àkọ́kọ́ kò tíì dé ìdajì tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì padà sídìí eré wọn. Wọ́n ti wo èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2019, tí Beyoncé wà nínú rẹ̀, wọ́n ní ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ṣé inú orin yẹn gan-an ni agbára náà wà, àbí ìgbà èwe wa là ń ṣàárò, tí a wá ń pè é ní orin? Bí ó bá jẹ́ pé inú orin ni, ta ló fi í síbẹ̀, báwo sì ni àwọn ọmọ mi ṣe lè jẹ nínú rẹ̀?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Olùkọ́ Orin, Òmù-Àrán

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Ìyá Ìbejì. Inú orin náà ni agbára wà, a sì mọ àwọn tó fi í síbẹ̀. Elton John ló ṣe ohùn àwọn orin márààrún tó gbajúmọ̀ nínú fíìmù náà, Tim Rice ló kọ ọ̀rọ̀ wọn, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n igbe tí ẹ ń sọ yẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù bí oòrùn ti ń yọ, ti Lebo M ni, ọmọ Soweto ní Gúúsù Áfíríkà, tó kúrò nílùú rẹ̀ ní ọ̀dọ́ nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Èdè Zulu ló fi ké e. Hans Zimmer, ọmọ Jámánì tó ṣe orin tí ń lọ lábẹ́ àwòrán, ló pè é síbi iṣẹ́ náà.

Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ sì fetí sí bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹnì kan á lé, ọ̀pọ̀ ohùn á gbè. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlọrin, tó ń gbọ́ dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú nínú rédíò bàbá rẹ̀, ti mọ bí a ṣe ń dúró de ègbè kí ó tó mọ ìwé kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ rí: bí ìyá àgbà bá lé orin ìjàpá, àwa ọmọ la ó gbè é, ìtàn kò sì ní tẹ̀ síwájú bí a kò bá gbè é dáadáa. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí ẹ kò fi dúró di ìgbà tí ẹ bá gbọ́ èdè náà kí ẹ tó dá sí i. Wọ́n fi ààyè elégbè sílẹ̀, ẹ sì ti mọ iṣẹ́ elégbè tẹ́lẹ̀.

N kò gbà pé ọ̀kan náà ni ti 1994 àti ti 2019. Lóòótọ́, Zimmer àti Lebo M tún wà nídìí èyí kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹranko inú rẹ̀ jọ ẹranko gidi jù, ojú wọn kì í yí padà bí orin ti ń yí, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń fi ìpéǹpéjú, ètè àti gbogbo ara kọrin.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Àbúrò Yín, Ọ̀ffà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Ohun tó máa ń mú mi sunkún kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Níbi tí Mufasa, ọba kìnnìún, kú sí, tí Simba ọmọ rẹ̀ ń fi orí ti òkú baba rẹ̀ pé kó dìde, orin Zimmer ló ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Zimmer ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọmọdé ni òun nígbà tí baba òun kú, àti pé ikú náà ni òun ń rò bí òun ti ń ṣe orin fíìmù yìí. Ọdún tí bàbá tèmi kú ni mo kọ́kọ́ wò ó. N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Zimmer rárá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó ṣe orin yẹn mọ ohun tó ń ṣe mí. Iṣẹ́ ọ̀hún gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 1995, orin ìfẹ́ tí Elton John àti Tim Rice ṣe sì gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ Alhaji, Adéwọlé, Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ kò tíì mẹ́nu kan orin kìnnìún tó sùn (The Lion Sleeps Tonight), èyí tí Timon àti Pumbaa ìmàdò, àwọn ọ̀rẹ́ Simba, ń kọ lọ nínú igbó kété kí Nala, abo kìnnìún, tó yọ sí wọn. Solomon Linda, ọmọ Zulu, ló ni orin yẹn, ó sì gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ní Johannesburg ní 1939. Ṣílè 10 ni wọ́n fún un, tó fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí orin náà. Orin yìí rìn dé Amẹ́ríkà, wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ àwọn ẹlòmíràn di olówó, Linda sì kú nínú ìṣẹ́ ní 1962. Ní 2004 ni ẹbí rẹ̀ pe Disney, ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù náà, lẹ́jọ́ nítorí lílò tí wọ́n lò ó nínú fíìmù yìí. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 2006, wọ́n sì gbà pé àwọn ọmọ Linda yóò gba owó èyí tó ti kọjá, wọn yóò sì máa gba nínú èyí tó ń bọ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè ẹni tó fi agbára síbẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ ọkùnrin yìí fún wọn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun púpọ̀, Alhaji, èmi yóò dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ?

Olùkọ́ Orin, Òmù-Àrán

Ẹ fi Hakuna Matata, orin Timon àti Pumbaa, bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì pa fóònù tì. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lé e, kí wọ́n máa gbè é fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún wo fíìmù náà. Bí wọ́n ti jẹ́ méjì yẹn, ẹ fún ọ̀kan ní ohùn Timon, ẹ fún èkejì ní ti Pumbaa. Èyí tó bá ń tijú jù nínú wọn ni kí ẹ fún ní Pumbaa, nítorí ìtìjú tó bá ìmàdò náà nígbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn nínú orin ọ̀hún, ọmọ náà yóò sì rí ohun tó lè fi ohùn rara sọ.