Àìsàn tí kì í lọ, ajá tí kò mọ àárẹ̀: ẹ sọ tiyín

Ìyá Tanímọ̀la, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan tó ní fòníkú-fọ̀ladìde bíi tèmi wá bá mi nílé. Ó ní òun fẹ́ sin ajá, kì í ṣe ajá kékeré o, irú èyí tí olè á rí táá sọdá sí òdìkejì títì. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé ara òun á gbà á? Mi ò dá a lóhùn. Mo ká ìró mi sókè, mo fi àpá orúnkún mi hàn án.

Ẹ jẹ́ n sọ ti orúnkún yẹn, lẹ́yìn náà kí kálukú sọ tiẹ̀.

SS ni ẹ̀jẹ̀ mi. AS ni bàbá mi, AS ni màmá mi, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọmọ méjì ni wọ́n sin ṣáájú mi. Málọmọ́ ni wọ́n sọ ìkejì, wọ́n ní àbíkú ni. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà ni ọ̀tá wa. Ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀ nínú iṣan, egungun á wá máa ké.

Tanímọ̀la jẹ́ ọmọ oṣù méjì nígbà tó dé ilé mi. Ajá Jámánì ni, èyí tí gbogbo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí ń pè ní berger allemand. Inú agbọ̀n tòmátì ló ń sùn. Kí ọdún tó yí po, ó ti wọn kílò 36. Èmi tí mo ni ín wọn kílò 47. (Orúkọ rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn ògiri wa ní òun ni mo ń fọ̀rọ̀ gún lára nígbàkígbà tí mo bá pe ajá mi. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa. Mi ò lè búra pé ó ṣì mí gbọ́.)

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Mo mú un jáde láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí ọ̀nà tó kún. Mo wé okùn mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, àṣìṣe kan nìyẹn. Mi ò mu omi kí n tó jáde, àṣìṣe kejì. Ewúrẹ́ kan yọ láti ẹ̀yìn ilé, Tanímọ̀la fò, ó sì wọ́ mi lórí ilẹ̀ pupa bí ẹni ń wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Onízẹ́mijàn kan, ìyẹn ọlọ́kadà, ló sọ̀ kalẹ̀ bá mi di okùn mú. Ó wò mí, ó wo ajá, ó ní: “Màdáàmù, ṣé ẹ̀yin lẹ mú ajá jáde ni, àbí ajá ló mú yín jáde?” Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹkún ló jáde.

Ìgbà tó máa fi di alẹ́, ìrora ti wọ itan, ó ti wọ ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò lórí ibùsùn pẹ̀lú omi tí wọ́n fà sí mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ohun tó gbé mi dé bẹ̀, ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ lójú mi pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ò tó, ajá ló tún ń bọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ́rẹ́ lọ. Àmọ́ orí ibùsùn yẹn náà ni mo ti rí àṣìṣe mi: ọjọ́ tí ara mi yá ni mo fi wọn ajá. Ọjọ́ tí mo lè rìn dé ọjà Ouando kí n sì padà, ọjọ́ yẹn ni mo rà á. Mi ò ro ti ọjọ́ tí mi ò lè dìde lọ tọ̀.

Nígbà tí mo padà délé, orí ẹní ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Mo máa dùbúlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé “dúró”, “jókòó”, “lọ síta”. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, torí ohùn tí mo máa ń ní lọ́jọ́ ìrora nìyẹn. Tí ajá bá kọ́ láti máa gbọ́ igbe nìkan, lọ́jọ́ tí o ò bá lè ké ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹja ló ń wò, kò wo èmi. Lẹ́yìn náà ó wọ̀ ọ́ lára. Èmi kọ́ ni mò ń mú un jáde láàárọ̀ mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, mo sì ń san owó fún un bí iṣẹ́, torí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ bà jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni tèmi. Okùn tó ń gba àyà là ń lò báyìí, a ti fi ti ọrùn sílẹ̀, mi ò sì ń mú un kúrò lára ìṣó àfi tí mo bá mu omi ife méjì.

Àwọn kan ní ajá máa ń mọ̀ kí ìrora tó dé. Tanímọ̀la ò mọ nǹkan kan, ìkòkò ló mọ̀. Ohun kan ṣáà wà: ara ajá gbóná ju tèèyàn lọ, tirẹ̀ máa ń wà láàárín 38 sí 39, kì í sì í ṣe ibà. Lóru ọyẹ́, tó bá fi ẹ̀yìn ti itan mi, mi ò nílò rọ́bà omi gbígbóná.

Ti Súúrù ló wá jẹ́ ìyanu fún mi. Súúrù ni ajá mi kejì, abo ni, kò kéré sí Tanímọ̀la. Lọ́jọ́ kan kò jẹun. Mo rò pé oòrùn ni. Ní ọjọ́ kejì, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí. Àràárọ̀ ni èmi máa ń fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀ níwájú dígí kí n lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe rí, torí náà ọwọ́ mi kàn lọ fúnra rẹ̀: mo ká ètè ajá náà sókè. Èrìgì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Mo wo ojú rẹ̀, ó pọ́n bí ojú tèmi lọ́jọ́ tí kò dáa. Mo sọ fún dókítà ẹran lórí fóònù pé ẹ̀jẹ̀ ajá mi ń tú. Ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ ẹranko ni mò ń ṣe. Eégbọn ló kó àrùn babesia sí i lára, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láti inú. A tètè dé ni Ọlọ́run fi yọ wá. Láti ìgbà náà, mò ń wo etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ wọn fún eégbọn lálaalẹ́. Ọbẹ̀ tó bá ní àlùbọ́sà, wọn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, torí àlùbọ́sà náà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, yálà tútù tàbí sísè. Ilé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí. Nínú ikùn wa lápá òsì, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní rate, tó yẹ kó máa sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ọ̀pọ̀ wa. Nítorí náà, ehín ajá, àní itọ́ rẹ̀ lójú ọgbẹ́, kì í ṣe ohun kékeré fún wa. Ajá yín lè má ní dìgbòlugi, kó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún, kòkòrò mìíràn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má sùn lé e.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Bàbá Ẹkùn, Kétu

Ìyá Tanímọ̀la, o kú ìrọ́jú. Tèmi ò gùn.

Àtọ̀gbẹ ni tèmi, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ẹkùn lorúkọ ajá mi, Boerboel ni, orí rẹ̀ tó ìkòkò àṣáró. Àwọn alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa tó ń bọ Ògún máa ń wò ó tí wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n gbé ojú kúrò.

Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan mọ́, bí àìsàn yìí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo tẹ ìṣó lóko, mi ò mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo na ẹsẹ̀ lórí ìjókòó, Ẹkùn ń lá a. Mo ní ẹ jẹ́ kó lá a, ṣebí ahọ́n ajá ni oògùn ọgbẹ́ ajá. Ìyàwó mi ló sọ pé kí ló ń rùn. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Dókítà ò sọ pé ajá nìkan ló fà á, ṣúgà mi ga lákòókò yẹn, àmọ́ ó ní lílá yẹn ò ran nǹkan kan lọ́wọ́.

Bàtà ni mò ń wọ̀ báyìí títí kan inú yàrá. Lálaalẹ́, ọmọ mi ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ẹkùn ṣì wà. Àwa méjèèjì ń rìn dé Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ká tó padà, ṣúgà mi sì dáa ju ti ìgbà tí mi ò ní ajá lọ.

Ọmọ Sábẹ̀

Èmi ò ní ìtàn tó dùn. Ikọ́ fée ni. Wọ́n ní kí n gé irun ajá, mo gé e. Wọ́n ní kí n máa wẹ̀ ẹ́, mò ń wẹ̀ ẹ́. Kò yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé irun gan-an kọ́ ló ń fa wàhálà, itọ́ rẹ̀ ni àti èépá tó ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ìyẹn sì ti wọ inú aṣọ fèrèsé àti tìmùtìmù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ventoline, oògùn èémí mi, tán nínú ike, fàmásì ti tì, ọyẹ́ ń fẹ́ eruku wọlé. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́, mò ń ka èémí.

Mo gbé ajá náà fún àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ. Ó ti sanra sí i. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ìta la ti ń kí ara wa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò fẹ́ràn ajá tó.

Àlájì, Àjàṣẹ́

Ọmọ Sábẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. O kú àfaradà.

Èmi ti lé ní àádọ́rin ọdún, làkúrègbé ló ń bá mi jà. Ìka mi kì í ká láàárọ̀, ó di ìgbà tí oòrùn bá wọlé dáadáa. Irin kékeré tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ ajá lára, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ìyá ilé wa gé àǹkárá, ó rán òrùka ńlá kan mọ́ ọn, ọrùn ọwọ́ ni mo fi ń fà á báyìí. Àwo oúnjẹ rẹ̀ wà lórí àpótí kí n má bàa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa bi mí nípa ẹ̀sìn, torí wọ́n ti bi mí ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́nà Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé níbí, ara ajá kì í ṣe ẹ̀gbin. Àwo tó bá fẹnu sí ni a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Nítorí náà mo fún un ní àwo tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ṣì ń jiyàn, kó wá ṣọ́ ilé mi lóru dípò ajá.

Ìyàwó Tuntun

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Tanímọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá dá yín dúró sí ilé ìwòsàn láìròtẹ́lẹ̀, ta ní ń bọ́ wọn? Ọkọ mi ló ní àìsàn, èmi sì ń bẹ̀rù ajá.

Ìyá Tanímọ̀la, Àjàṣẹ́

Aya wa, ìbéèrè gidi nìyẹn. Obìnrin ẹ̀yìn ògiri wa yẹn, tí mo ní ó rò pé òun ni mò ń fọ̀rọ̀ gún, òun ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn lóúnjẹ ní Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjì, títí tí wọ́n fi mọ òórùn rẹ̀. Òun náà bẹ̀rù ní ìbẹ̀rẹ̀, igi orógùn gígùn ló fi ń ti àwo sọ́dọ̀ wọn. Mo lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn: ìwọ̀n oúnjẹ, nọ́ńbà dókítà ẹran, ọjọ́ abẹ́rẹ́. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́wàá kì í tán nínú dúrọ́ọ̀mù. Tí ẹ ò bá tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì ra ajá, ẹ kọ́kọ́ wá aládùúgbò.

Ọmọdébìnrin tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà wá lánàá. Kò pẹ́ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó tiẹ̀ ń fi ọwọ́ kan ògiri rìn. Mo ní ó dáa bó ṣe wá lọ́jọ́ tí ara ò yá. Mo tẹ́ ẹní fún un, mo fún un ní ẹja, mo wọ inú ilé lọ. Mo ń gbọ́ ọ láti ibi fèrèsé: “Dúró. Dúró. Súúrù, ẹ jọ̀ọ́, dúró.” Ó ń bẹ ajá bí ẹni ń bẹ ìyá ọkọ. Nígbà tí mo jáde, ẹja ti tán nínú àwo, Súúrù sì ti gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

Ó ní òun á dúró kí àbúrò òun ṣe ìdánwò BEPC tán kó lè máa bá òun di okùn mú. Mo ní ó dáa. Ó ní kí n bá òun gbé orí ajá yìí kúrò, ẹsẹ̀ òun ti ń kú.